Rọ́bà ìdárayá fún ẹni tí okun rẹ̀ ń padà bọ̀

Rọ́bà pẹrẹsẹ yìí dára gan-an fún ẹni tí ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti gba agbára rẹ̀: kò wúwo, orí àga lèèyàn sì ti lè lò ó. Èyí tó rọ̀ jù ni kí ẹ rà, kó gùn tó mítà 1.5. Ẹ fi kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fà á wá sí ìbàdí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Iṣan ń ṣiṣẹ́ níbi ìdápadà yẹn náà. Ẹ má sé èémí o. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ tún un ṣe. Àléébù rẹ̀ kan ni pé oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Tó bá ti sán, ó lè já lu ojú. Ẹni tí rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gba oògùn sára ṣì wà ní apá tàbí àyà rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà.