Àgbélébùú Ẹfun Ara Òkè Shoreham ní Kent: Ohun Tí Èmi àti Màámi Rí Níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Peckham, Thamesmead tàbí Dartford, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ lè mú àgbàlagbà lọ láìná owó gọbọi, Shoreham ni mo fẹ́ sọ fún yín. Abúlé kékeré kan ni, létí odò Darent ní Kent. Lára òkè tó dojú kọ abúlé náà ni àwọn ará ibẹ̀ gbẹ́ àgbélébùú ńlá kan sí ní 1920, láti fi ṣèrántí àwọn ọmọ wọn tí Ogun Àgbáyé Kìíní pa. Ìgbà tí màámi wá kí mi láti Èkó ni a jọ lọ. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Swanley lọ sí Sevenoaks ló máa ń dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín Lọ́ńdọ̀nù lẹ ti wọkọ̀, ẹ fojú sí bíi wákàtí kan. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó dáadáa pé Shoreham ti Kent lẹ mú, torí òmíràn wà létí òkun ní Sussex, ọ̀nà ibẹ̀ ò sì pàdé tibí rárá. Ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀ padà sílé kò wá, a sì jókòó sínú òtútù títí òmíràn fi dé. Ẹ mú ẹ̀wù tó nípọn dání. Láti ibùdókọ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí ẹ tó wọ abúlé. Kò sí géètì, kò sí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹfun ni abẹ́ gbogbo òkè agbègbè yẹn. Koríko àti erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kàn bò ó lórí. Bí èèyàn bá ti ṣí i kúrò, funfun báláú ni yóò bá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Cheeseman, tí ogun náà pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ló dá a lábàá pé kí wọ́n gbẹ́ àgbélébùú náà. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Lenham, ní Kent yìí kan náà, gbẹ́ àgbélébùú tiwọn ní 1922. Ní Fovant ní Wiltshire, àwọn sójà tó wà ní bárékè nítòsí ni wọ́n gbẹ́ àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn sára òkè láti 1916 lọ. Iṣẹ́ sójà nìyẹn, ó sì dára láti wò. Ti Shoreham ló wọ̀ mí lára jù, torí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gan-an ló lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Orúnkún màámi kò gba òkè gígùn mọ́, torí náà ìdí afárá ni wọ́n dúró sí, níbi tí òkúta ìrántí wà. Òkúta náà ń sọ fún ẹni tó bá ń wo àgbélébùú orí òkè pé kó rántí àwọn tó fẹ̀mí wọn lélẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á, mo kà á, wọ́n gbójú sókè wò ó, wọn ò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Bàbá yìí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ra búrẹ́dì kó má rí àwọn ọmọ òun." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Sójà Ìdúmọ̀tà, ère ìrántí ogun l'Èkó, bí èrò ọjà ṣe máa ń wọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ogun kan náà kúkú ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà á ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ni kò padà délé.

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo gun òkè. Ọ̀nà náà dagun, ẹfun tí òjò ti rin sì ń yọ̀ bí ilá, torí náà ẹ wọ bàtà tó ń gbá ilẹ̀ mú. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, bàtà mi ti funfun dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní ìtòsí, ẹ ò ní rí àgbélébùú kankan. Ilẹ̀ funfun gbalaja kan tó dagun ni ẹ ó rí, pẹ̀lú òkúta dúdú tó mú bí abẹ tó yọrí síta káàkiri. Mo bẹ̀rẹ̀ wo etí rẹ̀. Erùpẹ̀ tó wà lórí ẹfun kò nípọn rárá, gbòǹgbò koríko sì ti ń nà wọlé sórí funfun náà láti ẹ̀gbẹ́. Èyí ló jẹ́ kí n fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bí wọ́n bá pa á tì fún ọdún mélòó kan, koríko yóò gbà á. Àfi kí àwọn alààyè máa tu koríko, kí wọ́n máa da ẹfun tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe láti ìran dé ìran. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n ní láti bò ó mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì má baà fi mọ̀nà. Nígbà tí ogun parí, wọ́n tún ṣí i. Ẹni tó ṣí i lẹ́ẹ̀kejì yìí lè má mọ ọ̀kankan nínú àwọn tí wọ́n torí wọn gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Òkè náà kọjú sí ìlà oòrùn, nítorí náà ẹ lọ láàárọ̀. Tí ọjọ́ bá ti rọ̀, oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn òkè, kò sì ní mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ tún yà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Peter and St Paul tẹ́ ẹ bá bá a ní ṣíṣí. Àwòrán ńlá kan wà níbẹ̀ tó fi bí abúlé ṣe jáde pàdé Verney Lovett Cameron hàn ní 1876. Bàbá rẹ̀ ni fíkà, ìyẹn àlùfáà, ibẹ̀ nígbà náà. Cameron yìí ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó rin agbede-méjì Áfíríkà já láti etíkun ìlà oòrùn dé ti ìwọ̀ oòrùn. Màámi wò ó títí, wọ́n ní àwọn tó bá a ru ẹrù ńkọ́?

Tí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, ẹ tọ ipa ọ̀nà etí odò Darent gba Lullingstone lọ sí Eynsford, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ oṣù keje ni, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ oko òdòdó lavender kọjá lójú ọ̀nà, òórùn rẹ̀ á ti máa pàdé yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.