Àgbéyẹ̀wò bátìrì lítíọ́mù mi: mẹ́rin ni mo rà, ọ̀kan ṣoṣo ni ínfátà ń rí

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tó bá yín to sóólà sọ fún yín pé “bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ eléyìí.

Mi ò ní ka ohun tó wà lára páálí fún yín. Bátìrì mẹ́rin, 48V, 100Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan (Ah ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà sínú), ni mo rà nítorí àwọn fírísà ẹja mi l'Abẹ́òkúta. Kì í gbóná, kì í pariwo, mo sì ti gbàgbé pé èèyàn ń bu omi sí bátìrì rí. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ kan, Nẹ́pà mú iná lọ, mo bá tan jẹnẹrétọ̀ kí bátìrì lè tètè kún. Epo ń jó, bátìrì kò kún. Mo lọ wo ojú ínfátà: 100Ah ló kọ síbẹ̀, dípò 400Ah! Kò sì fi ju 50A (A ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé) lọ ṣáájì wọn, bẹ́ẹ̀ ó lè fi 120A ṣe é. Owó bátìrì mẹ́rin ni mo san o.

Mo pe ẹnjiníà tó tò ó.

“Mọ̀mí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oòrùn ni kò tó.”

“Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn. Oòrùn wo là ń sọ?”

Ó dákẹ́. Ó wá ní fírísà mi ló pọ̀ jù, kí n fi bátìrì karùn-ún kún un, òun á bá mi rà á lówó pọ́ọ́kú. Inú bí mi débi pé mi ò lè fọhùn. (Mo fún un lẹ́ja lọ́jọ́ tó wá ṣiṣẹ́ náà, ẹja ńlá.)

Mo gba orí WhatsApp àwọn tó ta bátìrì lọ. Mo ti múra ìjà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kò tilẹ̀ jiyàn: “Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò àwọn súwíìṣì kéékèèké tó wà lójú bátìrì kọ̀ọ̀kan.” Bákan náà ni gbogbo wọn rí, bí wọ́n ṣe jáde nínú páálí. Ó ní àdírẹ́ẹ̀sì nìyẹn: bí ìyá bá pe Táyé nínú ilé tí ọmọ mẹ́rin ti ń jẹ́ Táyé, ohùn wọn á dàrú mọ́ra. Bátìrì ọ̀gá, èyí tí wáyà rẹ̀ lọ sínú ínfátà, kò gbọ́ ohùn àwọn yòókù, ti ara rẹ̀ nìkan ló ń ròyìn.

Súwíìṣì mẹ́rin ló wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ dúró fún 1, èkejì 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 8. Ọ̀gá gba 1. Bátìrì kejì, súwíìṣì kejì nìkan. Ẹ̀kẹta, àkọ́kọ́ àti èkejì pa pọ̀. Ẹ̀kẹrin, súwíìṣì kẹta nìkan. Ó ní ká pa gbogbo bátìrì ná, torí ìgbà tí wọ́n bá ń tàn nìkan ni wọ́n ń ka àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣóńṣó bírò tì wọ́n, ọmọbìnrin náà sì dúró tì wá lórí fídíò títí gbogbo rẹ̀ fi tàn padà. 400Ah! Ṣáájì kọjá 100A lójú mi.

Àtẹ àdírẹ́ẹ̀sì yìí wà nínú ìwé tó bá bátìrì wá, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé awò ojú mi kò ràn án, kò sì sọ bóyá òkè ni ON wà àbí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, màá tún ra bátìrì yìí. Ọmọbìnrin yẹn náà, Ọlọ́run á fi í ṣe ọ̀gá pátápátá níbẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àwọn tó ta bátìrì ló júwe ẹnjiníà yẹn fún mi, wọn ò sì tíì dá kọ́bọ̀ padà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.