Un long dimanche de fiançailles: fíìmù ìfẹ́ tó ń fẹ́ kéèyàn lo orí

Ẹni tó bá tan fíìmù yìí nítorí ìfẹ́ nìkan, kó tètè mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Jean-Pierre Jeunet ló darí rẹ̀ ní 2004, látinú ìwé ìtàn àròsọ tí Sébastien Japrisot tẹ̀ jáde ní 1991. Mathilde, tí Audrey Tautou ṣe, ń wá Manech, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú sójú Ogun Àgbáyé Kìíní ní agbègbè Somme nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kìíní 1917. Mathilde ò gbà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fojú sí. Sójà Faransé márùn-ún ni wọ́n dá lẹ́bi pé wọ́n ṣe ara wọn léṣe kí wọ́n lè kúrò lójú ogun. Wọn ò yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n tì wọ́n jáde sí gbalasa tó wà láàárín kòtò ogun Faransé àti ti Jámánì. Bastoche ni káfíńtà, Six-Sous ni wẹ́dà, Benoît Notre-Dame ni àgbẹ̀, Ange Bassignano ní tiẹ̀ ń jẹun lára aṣẹ́wó, Manech ló sì kéré jù. Gbogbo wọn ló rin gbingbin, tí ẹrẹ̀ bo ojú wọn, débi pé ọ̀kan jọ èkejì. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni òǹwòran ti ń sọnù. Ẹ kọ orúkọ márààrún sórí ìwé, kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ bàtà ò jù báyẹn lọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ Ìjùmú àti Yàgbà, ẹ má fojú kéré Benoît.

Faransé ni wọ́n ń sọ látòkèdélẹ̀, kódà Jodie Foster, òṣèré ará Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán lẹ máa gbára lé. Ẹ fún fáìlì .srt, ìyẹn fáìlì tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fáìlì fíìmù, kí méjèèjì wà nínú fódà kan, VLC, ètò tá a fi ń wo fíìmù, á gbé e jáde fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ẹnu tàbí tó ń gbẹ́yìn rẹ̀, tí àlàfo náà kò yí padà, ẹ tẹ G tàbí H lórí kọ̀ǹpútà. 50 mílísẹ́kọ́ńdì ni ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá bá ẹnu mu ní ìbẹ̀rẹ̀ tó wá ń jìnnà sí i, G àti H ò lè ràn án. Ẹ̀dà tó ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó ìṣẹ́jú 133. Èyí tó ti inú DVD Yúróòpù wá ń lo 25, ó sì ń parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 128. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan sórí èkejì, láàárín wákàtí kan ó ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ yà á. Ẹ wo gígùn fíìmù ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó wá .srt. Bí Célestin, orúkọ ẹnì kan nínú fíìmù, bá jáde bíi CÃ©lestin, ẹ yí ètò lẹ́tà ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí UTF-8 nínú VLC.

Bí àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá wà ńlé, kí ẹnì kan máa tú u sí èdè ilé, kó sì máa dá fíìmù dúró níbi orúkọ àwọn sójà. Ìyẹn á sọ wákàtí méjì lé díẹ̀ di mẹ́ta, nítorí náà ẹ gba iná sínú bátìrì dáadáa kí wọ́n tó mú iná lọ ní Kabba tàbí Ìsánlú. Alẹ́ ló dáa jù: àwọ̀ eérú ni kòtò ogun ní, kò ṣeé rí lójú fóònù lọ́sàn-án. Ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ti sùn.

Ìfẹ́ náà ńkọ́? Ibi tó ti wọni lára jù ni ọjọ́ tí mọ́tò ń gbé Manech lọ sógun. Rọpárọsẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ Mathilde jẹ́, síbẹ̀ ó ń tiro sáré, torí ó ti bá ara rẹ̀ pinnu pé bí òun bá ṣáájú mọ́tò dé kọ́nà, Manech á padà láàyè. Yàtọ̀ sí irú ibẹ̀ yẹn, a ò rí Manech tó, ohùn obìnrin tó ń sọ ìtàn sì ń ṣàlàyé ohun tójú ti rí. Tina Lombardi tí Marion Cotillard ṣe ló gba eré mọ́ wọn lọ́wọ́. Òun náà ní olólùfẹ́ láàárín àwọn márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀san ni tiẹ̀: ó yìnbọn lu dígí òkè ibùsùn kó lè já lu ọ̀gá sójà. Wọ́n fún Cotillard ní César, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Faransé, ó sì tọ́ sí i.

Nínú ìwé, Mathilde ò lè rìn rárá, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń ṣèwádìí, lẹ́tà ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ìtàn náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ méjèèjì, fíìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ìwé, àṣírí bàtà ti tú sí i lọ́wọ́.