Bàtà Ijó Orí Yìnyín fún Àgbàlagbà tí Ẹsẹ̀ Ń Yọ Lẹ́nu: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́ta

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí ni àgbàlagbà tó ń kọ́ ijó orí yìnyín ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Nottingham tàbí níbikíbi tí pápá yìnyín bá wà nítòsí rẹ̀, tí bàtà yíyá ti sú, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń bá bàtà orí káńtà mu. Eegun lè ti yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kókó lè wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, tàbí kí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Èmi náà ní eegun yìí ní ẹsẹ̀ méjèèjì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà ohun tí mo rí lára ni mò ń kọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú wa lè gbà ra bàtà. Èkíní ni bàtà ìgbàlódé fífúyẹ́ tí kì í ṣe awọ, irú èyí tí Edea ti ilẹ̀ Ítálì ń ṣe. Èkejì ni bàtà aláwọ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà, ṣùgbọ́n tí a lè yan ìbú rẹ̀, irú èyí tí à ń rí lọ́dọ̀ Jackson ti Kánádà àti Riedell ti Amẹ́ríkà, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1945. Ẹ̀kẹta ni bàtà àkànṣe, tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ ẹni kí wọ́n tó gé awọ rẹ̀. Harlick ní San Carlos, ìpínlẹ̀ California, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1933. Irú kejì ni mò ń wọ̀ báyìí. Bàtà tó dá mi lágara kí n tó dé ibẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo dárúkọ yìí.

Gìgísẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bàtà, ibi tó ń dùn wá ni a máa ń tọ́ka sí. A ó ní eegun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí a gbádùn, òun náà á sì wá bàtà tí kò ní fún eegun yẹn. Ọ̀nà tó yá jù láti rí i ni kó gbé nọ́ńbà tó tóbi ju ti ẹni lọ wá, ohun tí wọ́n sì ṣe fún mi nìyẹn ní ilé ìtajà kan. Nọ́ńbà kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi lé ti ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo jókòó sórí àga níbẹ̀, ara tù mí. Nígbà tí mo dé orí yìnyín, gìgísẹ̀ mi ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ orúnkún. Mo fa okùn bàtà náà le títí iṣan iwájú kókósẹ̀ mi fi wú, síbẹ̀ gìgísẹ̀ kò dúró sójú kan. Kò pẹ́ tí kókó tuntun fi yọ sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ níbi tí bàtà ti ń ha á, ilé ìtajà náà kò sì gbà á padà, nítorí wọ́n ní irin tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín ti wà lábẹ́ rẹ̀. Owó ńlá ni, ó sì wọ̀ mí lára.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà ni pé bàtà tó gùn jù kì í tilẹ̀ gba eegun náà sílẹ̀. Gbogbo bàtà ló ní ibi tó ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí oríkèé àtàǹpàkò bọ́ sí. Bí bàtà bá gùn ju ẹsẹ̀ lọ, ibi tó fẹ̀ yẹn á ti bọ́ síwájú, oríkèé tó yọ síta á wá fìdí kalẹ̀ sí ibi tí bàtà ti ń sún kì bọ̀ sí àárín ẹsẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹsẹ̀ kò tíì gbóná tí kò sì tíì wú, ènìyàn lè má mọ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí lórí yìnyín, á mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bàtà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó de irin mọ́ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí bàtà bá gùn jù, eyín iwájú irin náà á jìnnà sí àwọn ọmọ ìka, ibi tí ara ti ń wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nígbà tí a bá ń yípo á sì yí padà.

Irin náà kò nípọn ju bíi mìlímítà 4 lọ, etí rẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì sì ni a fi ń ṣe gbogbo ohun tí à ń ṣe. Bí gìgísẹ̀ bá ń rìn nínú bàtà, ara á ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí irin tó tẹ̀lé e. Olùkọ́ á máa pariwo pé kí ẹ tẹ orúnkún sí i, ẹ̀yin náà á máa tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bàtà ni kò jẹ́.

Nítorí èyí, bí mo bá ń fi àwọn ọ̀nà mẹ́ta yìí wéra, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bóyá ó lè di gìgísẹ̀ tó tín-ín-rín mú, kó sì tún fún iwájú ẹsẹ̀ tó fẹ̀ láyè, lẹ́ẹ̀kan náà.

Edea ń fi mìlímítà ka nọ́ńbà rẹ̀, márùn-ún márùn-ún, nítorí náà gígùn rẹ̀ rọrùn láti bá ẹsẹ̀ mu dáadáa. Ìbú tó wọ́pọ̀ lórí káńtà ni C, D àti E; C ló tín-ín-rín jù, E ló fẹ̀ jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí mu láti iwájú dé ẹ̀yìn á gbádùn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ kó tó tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń béèrè E tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń béèrè C, á ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀.

Bàtà aláwọ tí Jackson àti Riedell ń ṣe ní ìbú tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ju iwájú rẹ̀ lọ láti ilé. Bí ìyàtọ̀ yẹn kò bá tó, Riedell a máa gba àṣẹ fún ìbú iwájú lọ́tọ̀ àti ti gìgísẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹ bá san àfikún owó. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹsẹ̀ bíi tiwa, n kò sì mọ ìdí tí àwọn tó ń tà á kì í fi í kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Àǹfààní awọ kejì ni pé ó ṣeé tì síta. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ní kí ẹ fi ìtọ́tè kun ṣóńṣó eegun náà, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí ẹ dìde dúró, kí ẹ sì rọra yọ ọ́. Àmì pupa á wà nínú bàtà níbi tí eegun ti kàn án gan-an. Lẹ́yìn náà, á mú irin kan tó rí bí ẹ̀mú ńlá, tí orí rẹ̀ kan rí roboto tí èkejì sì rí bí òrùka. Á ki roboto náà sínú bàtà sórí àmì yẹn, á fi òrùka náà sí òde, á mú awọ náà gbóná díẹ̀, á sì fún irin náà pọ̀ títí awọ á fi yọ síta díẹ̀ níbẹ̀ nìkan. Ìyókù bàtà kò ní yí padà. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn, láti ọjọ́ náà sì ni eegun náà ti ní ààyè tirẹ̀ nínú bàtà tó jẹ́ nọ́ńbà ẹsẹ̀ mi gan-an. Wọ́n lè ṣe é fún bàtà tí kì í ṣe awọ náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro jù, ohun èlò rẹ̀ kì í sì í fẹ́ dúró síbi tí wọ́n tì í sí tó awọ.

Ti bàtà àkànṣe yàtọ̀: wọ́n lè ṣe gìgísẹ̀ àti iwájú rẹ̀ bó bá ṣe wu ẹni, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n tí wọ́n gbà bá ṣe péye tó ni bàtà á ṣe péye tó.

Àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ

Ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń gùn sí i, ó sì máa ń fẹ̀ sí i bí a bá dìde dúró lé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ bá wà ní ìjókòó nìkan. Ẹ dúró lórí ìwé, kí wọ́n mú pẹ́ńsù dúró ṣánṣán bí wọ́n ṣe ń fa ìlà yí ẹsẹ̀ ká, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dára jù bó bá jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Bí dókítà ẹsẹ̀ bá ti ṣe ìtẹ́nú bàtà fún yín, ẹ mú un dání lọ síbi ìwọ̀n, kí ẹ yọ èyí tó bá bàtà wá, kí ẹ sì fi tiyín sí i kí ẹ tó dán bàtà wò. Ìtẹ́nú bàtà máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàtà tó ṣe déédéé láìsí i lè máa fún ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nígbà tó bá wà níbẹ̀.

Bí kókósẹ̀ bá ṣì ń wó sínú, wọ́n lè sún irin díẹ̀ sí ìhà inú. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú ná pé kì í ṣe pé bàtà fẹ̀ jù ní gìgísẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù

Líle bàtà: Edea ń fi nọ́ńbà sọ tirẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni bàtà ṣe le tó; bí àpẹẹrẹ, bàtà rẹ̀ tó ń jẹ́ Overture jẹ́ 48, èyí tó ń jẹ́ Ice Fly sì jẹ́ 90. Àgbàlagbà tí kò tíì máa fò kó yípo lẹ́ẹ̀mejì lófuurufú kò nílò èyí tó le jù, àfi bí ara rẹ̀ bá wúwo. Bàtà tó le bí pákó kò ní jẹ́ kí kókósẹ̀ tẹ̀, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá ń dunni nínú rẹ̀.

Ìwúwo: bàtà ìgbàlódé ló fúyẹ́ jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Omi: awọ nílò ìtọ́jú, ẹ máa nù ún, kí ẹ sì máa jẹ́ kó gbẹ.

Mímú bàtà gbóná kó lè gba ìrísí ẹsẹ̀: irú kìíní àti irú kejì máa ń gbà á, ẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù ṣe é níṣojú yín.

Bàtà àlòkù: ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti fún un ní ìrísí tirẹ̀, mi ò dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó níṣòro.

Owó: bàtà àkànṣe máa ń súnmọ́ 1,000 dọ́là tàbí kó kọjá rẹ̀ láìtíì ra irin, ẹni tó bá sì ń mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Amẹ́ríkà á tún san owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń dúró dè é, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà padà.

Ọ̀kan kù tó kọjá owó. Ẹni tó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè mọ̀ nǹkan lára, kó lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó ra èyíkéyìí, nítorí pé bàtà lè ti dá egbò sí i lára kó tó mọ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹni tó yẹ. Bí ẹsẹ̀ yín bá jẹ́ ìbú kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ìṣòro yín kò sì ju àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ tí ìtẹ́nú bàtà lè tọ́jú, ẹ lè ra èkíní láìfòyà. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín tí oríkèé ẹsẹ̀ kan kò ṣeé tẹ̀ mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ kan fi nọ́ńbà kan tóbi ju èkejì lọ, bàtà àkànṣe tó owó rẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ máa ń wà lórí yìnyín ń wọ̀ ọ́, kò sì lè padà sí èyíkéyìí mọ́.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wa, tí eegun yọ síta tí gìgísẹ̀ sì tín-ín-rín, n kò rí ìdí tí a ó fi fo bàtà aláwọ tó ní ìbú púpọ̀ kọjá láìtíì gbé e wò lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó lè tì í síta. Bí kò bá ṣe déédéé tán, àtúnṣe ṣì wà níwájú. Ẹ wá oníṣẹ́ náà ná, kí ẹ tó wá bàtà.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ dán an wò, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ kan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kó lè wọlé dáadáa, ẹ de okùn le ní kókósẹ̀, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lókè àti níwájú. Bí ẹ bá dúró ṣánṣán, ọmọ ìka á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú bàtà. Bí ẹ bá tẹ orúnkún, á fà sẹ́yìn, gìgísẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gòkè. Bí pẹ́ńsù bá lè wọ àárín gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn bàtà, ẹ dá a padà sórí káńtà, ohun yòówù tí olùtajà ìbáà sọ. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń de irin pé ìdè ìgbà díẹ̀ nìkan ni kó fi dè é ná, kí ó fi àwọn ihò tó kù sílẹ̀ láìlu títí ẹ ó fi lò ó lórí yìnyín tí ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí irin náà sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì.