Sísọ PDF di àwòrán tí fáàsì lè gbà: èwo ló yẹ kí ẹ fowó rà?

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe ní Houston àti Maryland, kò tíì lè bọ́ lọ́wọ́ fáàsì. Ilé ìwòsàn, ilé ìpoògùn àti iléeṣẹ́ ìbánigbófò ṣì ń fi í gba ìwé àṣẹ dókítà. Ní England, ìjọba ti ní kí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, má ra ẹ̀rọ fáàsì tuntun mọ́ láti January 2019. Amẹ́ríkà ò tíì débẹ̀. Ìwé tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sì wà nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bíi PDF tàbí Word, bẹ́ẹ̀ àwòrán dúdú àti funfun nìkan ni ẹ̀rọ fáàsì mọ̀. Ohun tó máa sọ ọ̀kan di èkejì ni mo fẹ́ fi wéra fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á.

Irú fáìlì tí fáàsì ń fẹ́

Ìlànà T.4 ti ọdún 1980, tí a mọ̀ sí Group 3, ló ṣì ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ fáàsì. Lórí ìwé A4 tàbí Letter, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1728, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Píksẹ́lì kan jẹ́ dúdú tàbí kó jẹ́ funfun, kò sí àwọ̀ eérú láàárín. Ìbú ìwé máa ń gba píksẹ́lì 204 nínú íǹṣì kan. Gígùn rẹ̀ ń gba 98 bí ẹ bá fẹ́ kó yá, tàbí 196 bí ẹ bá yan Fine lára ẹ̀rọ, kí ó lè hàn dáadáa. Fáìlì TIFF ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, nítorí ó lè gba ojú ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ rí i pé 204 àti 98 ò dọ́gba. Bí ẹ bá fi sọ́fítíwià tí kò ka ìyàtọ̀ yìí sí ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, àwọn lẹ́tà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Fáìlì náà ò bàjẹ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá ọjà padà.

Àwọ̀ eérú ni kí ẹ wò

Gbogbo sọ́fítíwià tí mo máa dárúkọ ló lè ṣe TIFF dúdú àti funfun. Ohun tí kálukú ń ṣe sí àwọ̀ eérú ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi yan ọjà. Àwọn kan ń fa ààlà: ohun tó bá dúdú kọjá ààlà náà di dúdú pátápátá, èyí tó kù di funfun. Àwọn mìíràn ń wọ́n àmì dúdú wẹ́wẹ́ ká orí funfun, bí ẹni wọ́n ata gígún sórí ìrẹsì, kí ojú lè rí i bí eérú.

Fọ́tò nílò ọ̀nà kejì yìí. Ìwé aláìsàn ò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá kun ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù ní àwọ̀ eérú, àmì wẹ́wẹ́ á bo orúkọ oògùn tó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa wo nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ bóyá 3 ni tàbí 8. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí aláìsàn ló máa gbé oògùn náà mì.

Ó tún ń jẹ àkókò. Ojú ìwé A4 kan lórí Fine súnmọ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 4. Lórí ìlà fóònù tó ń gbé bíìtì 14,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a kò bá fún un pọ̀, ó máa ju ìṣẹ́jú 4 àbọ̀ lọ. Ìfúnpọ̀ Group 3 ló ń gbà wá: ó ń ka iye píksẹ́lì funfun tàbí dúdú tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ń fi kóòdù kúkúrú rọ́pò wọn. Ìwé tó fún pọ̀ dé kílóbáìtì 30 máa lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 17. Tí àmì wẹ́wẹ́ bá kún ojú ìwé, kò sí ohun tó tò tẹ̀ lé ara wọn mọ́, fáìlì á wú.

Ghostscript àti ImageMagick

Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a ń fi àṣẹ tí a tẹ̀ darí ni àwọn méjèèjì. Ìwé àṣẹ AGPL ni Ghostscript ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sínú sọ́fítíwià tí ẹ ń tà láìṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, ẹ máa sanwó fún Artifex, iléeṣẹ́ tó ni ín. Fún ọ́fíìsì tó kàn fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, àṣẹ kan ti tó:

gs -sDEVICE=tiffg3 -r204x196 -dBATCH -dNOPAUSE -sOutputFile=fax.tif iwe.pdf

Ìbú ìwé Letter jẹ́ íǹṣì 8.5. Ẹ fi 204 sọ ọ́ di púpọ̀, 1734 lẹ máa rí, kì í ṣe 1728. Ghostscript mọ èyí, ó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. ImageMagick kì í ṣe é àyàfi tí ẹ bá ní kó ṣe é, Ghostscript kan náà ló sì ń bẹ̀ kó tó lè ka PDF. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux irú Ubuntu àti Debian, wọ́n sábà máa ń dí i lọ́wọ́ láti ka PDF nítorí ààbò.

Àmọ́ Ghostscript ń wọ́n àmì wẹ́wẹ́, ImageMagick sì lè fa ààlà. Nítorí náà, Ghostscript nìkan ni mo máa lò fún lẹ́tà lásán. Fún fọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn, màá ní kí Ghostscript kọ́kọ́ fi -sDEVICE=tiffgray sọ ọ́ di àwòrán aláwọ̀ eérú, kí ImageMagick wá fi -threshold 60% fa ààlà sí i, kó sì sọ ìbú rẹ̀ di 1728. Ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan, kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn tí a ń sanwó fún

Pìríńtà inú kọ̀ǹpútà, bíi TIFF Image Printer ti PEERNET tàbí Universal Document Converter, dára fún ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ò ti fẹ́ kọ àṣẹ. Ẹ ṣí ìwé nínú Word, ẹ tẹ Print, ẹ yan pìríńtà náà, TIFF á jáde. Ibí ni mo rò pé owó yẹ kó lọ tí èèyàn mélòó kan bá ń fi fáàsì ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ bèèrè bóyá ìwé àṣẹ wà fún kọ̀ǹpútà kan tàbí gbogbo ọ́fíìsì, kí ẹ sì rí ibi tí a ti ń yan ààlà àwọ̀ eérú kí ẹ tó sanwó.

IrfanView lè fi TIFF pamọ́ ní Fax 3 tàbí Fax 4, ìyẹn Group 3 tàbí Group 4. Ọ̀fẹ́ ni nílé, àmọ́ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó. Ó tó fún ìwé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Iléeṣẹ́ fáàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi eFax, á gba PDF yín, á yí i padà, á sì fi ránṣẹ́. Kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ló yí àwòrán náà padà, ẹ̀yin ò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé aláìsàn, ẹ má forúkọ sílẹ̀ títí wọ́n á fi gbà láti buwọ́ lu àdéhùn tí HIPAA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bá yín tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Group 3 tàbí Group 4?

Group 4, ti ọdún 1984, ń fún fáìlì pọ̀ ju Group 3 lọ. Àmọ́ ó ń fi ìlà tó ṣáájú ṣàlàyé èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà àṣìṣe kékeré kan lè ba gbogbo ìyókù ojú ìwé jẹ́. Tí ẹni tó ṣètò fáàsì yín kò bá dárúkọ Group 4, ẹ yan Group 3.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ṣe ojú ìwé ìdánwò kan: lẹ́tà kéékèèké, ìbuwọ́lùwé aláwọ̀ búlúù, àmì iléeṣẹ́ aláwọ̀ eérú, tábìlì tí wọ́n kun ìlà rẹ̀ kan. Ẹ fi sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan yí i padà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ fáàsì gidi, kí ẹ sì ka ohun tó jáde lórí bébà. Ìbuwọ́lùwé búlúù ni kí ẹ wò jù, torí ààlà tí wọ́n fà síbi tí kò yẹ máa ń pa á rẹ́, ilé ìpoògùn á sì dá ìwé náà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tiffinfo, àṣẹ tó ń sọ bí fáìlì TIFF ṣe rí, wo fáìlì náà. Bí kò bá sọ pé Image Width jẹ́ 1728, ẹ wá òmíràn.