Ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀sà Badagry, ẹ lọ jẹ ẹ́ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá dé Badagry, màmá kan wà lẹ́bàá ọ̀sà tó ń yan ẹja epìyà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà síbẹ̀. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe tèmi, wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní ìlà mẹ́ta mẹ́ta dé eegun, wọ́n gún ata rodo, atalẹ̀, aáyù, àlùbọ́sà pẹ̀lú ewé efinrin, wọ́n da òróró àti iyọ̀ sí i, wọ́n wá ń fọwọ́ tì í wọnú ìlà yẹn àti ikùn ẹja náà. Ìparí ni wọ́n tó fún ọ̀sàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n ní tó bá pẹ́ jù lára ẹja, ara ẹ̀ á ti rọ̀ kó tó dórí iná, òótọ́ sì ni.

Èédú tó ti pọ́n dáadáa ni wọ́n gbé wáyà lé, kò sí iná tó ń jó fòò. Ìgbà tí mo bù ú létí ìrù, awọ ẹ̀ ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu mi, inú ẹ̀ funfun, kò gbẹ rárá, òórùn efinrin á kọ́kọ́ dé imú kí ata tó dé ọ̀fun, áà!

Dòdò wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ti tutù, òróró sì pọ̀ lára ẹ̀. A tún dúró tó ìṣẹ́jú 45, torí náà ẹ má fi ebi gidi lọ. Àmọ́ ẹja yẹn, màá padà lọ jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.