Bàbá tí kò ta tòmátì fún mi nínú oṣù kẹfà

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, mo na owó sí bàbá kan tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn níbí. Bàbá ò gbà á. Ọmọ tòmátì méjìlá ni mo fẹ́ rà. Wọ́n wà nílẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, àwọn ìbejì mi tiẹ̀ ti gbé méjì dání. Bàbá wo ojú ọ̀run, wọ́n wo èmi náà.

"Ìyá ìbejì, ẹ fi owó yín sápò. Òjò ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín báyìí, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ àmì dúdú, kó tó dọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti rà. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹjọ fẹ́ parí, kẹ́ ẹ wá padà."

Mo ní, "Bàbá, ta wá lẹ to èyí sílẹ̀ fún?"

Wọ́n ní ẹnì kan tó fi ọ̀rá bo oko rẹ̀ lórí ló ní kí àwọn bá òun hù ú, òjò ò lè kan tiẹ̀. Wọ́n gba méjì tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n dá wọn padà sáàárín àwọn yòókù, wọ́n sì bi mí bí tẹ̀tẹ̀ tí mo rà ṣe ń ṣe.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ra nǹkan ọ̀gbìn n'Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó kọ owó mi rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo wà, nítorí náà Sátidé àti Sọ́ńdè jẹ́ tèmi. Àkóbọ̀ là ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju ibi tí mọ́tò mẹ́ta lè dúró sí lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ata rodo, ugu àti ewúro.

Kí n tó mọ ọ̀dọ̀ bàbá, ìsọ̀ kan wà tí mo ti máa ń rajà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá béèrè ni wọ́n ní. Mo ra irúgbìn ewédú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́ wọn, mo fọ́n ọn sílẹ̀, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Igi márùn-ún péré ló hù. Mo padà lọ, wọ́n ní ilẹ̀ mi ni kò dáa, wọ́n wá ta àpò ìgbẹ́ adìẹ kan fún mi láti fi tún un ṣe. Àpò yẹn ń gbóná bí mo ṣe gbé e. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà. Ọjọ́ kẹrin tí mo fi ìgbẹ́ náà sídìí ata rodo mi, etí ewé wọn ti jó gbẹ. Ata mẹ́rìndínlógún ni, mo ti ń tọ́jú wọn láti ìgbà tí wọn ò ga ju ìka lọ. Mo sunkún lórí wọn. Ọkọ mi rò pé wọ́n pè mí láti ilé pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá ní Jẹ́ríkò. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn bi mí pé báwo ni mo ṣe fọ́n ewédú ọ̀hún. Mo ní bí mo ṣe rà á náà ni mo ṣe fọ́n ọn.

"Ẹ ò jí i. Ewédú ń sùn ni. Èèpo rẹ̀ le, omi ò ríbi wọlé."

Wọ́n ní kí n di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí n rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí n ka ení dé ẹ̀wá, kí n sì yọ ọ́ kíá. Kí n sá a síbi tí òòrùn ò dé títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí n pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí n tó fọ́n ọn, torí ó kéré ju ohun tí ọwọ́ lè pín dọ́gba lọ. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Sátidé. Ní Tọ́sìdeè, ilẹ̀ ti ń fọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ti ń jẹ ẹ́, mi ò sì fà á tu. Bàbá ti ní kí n máa gé e, kí n fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀. Ibi tí mo gé yọ ẹ̀ka méjì mẹ́ta, a tún gé e lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Mo ti ro ó títí. Ó ṣeé ṣe kí irúgbìn ìsọ̀ àkọ́kọ́ yẹn má burú rárá. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á fún mi kò sọ. Bí mo bá fún ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ara rẹ̀ lè gbóná lálẹ́, kó má baà páyà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára iṣẹ́ mi. Bàbá yìí ka ọ̀rọ̀ mọ́ ọjà tiwọn náà.

Ugu ńkọ́? Méjì ni mo béèrè. Wọ́n ní kí n mú márùn-ún tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ èyí tó máa so, torí ugu ní akọ, ó ní abo, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ̀ wọ́n yàtọ̀ títí wọn yóò fi yọ òdòdó. Mẹ́ta nínú tèmi jẹ́ akọ. Ká ní méjì tí mo ní lọ́kàn ni mo mú lọ, bóyá akọ méjèèjì ni ì bá jẹ́.

Ohun tó wọ́n jù tí mo rà lọ́wọ́ wọn ni máńgòrò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní grafted, 5,000 náírà. Wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi máńgòrò tó ń so dáadáa mọ́ ara ọmọ máńgòrò mìíràn, méjèèjì ti di ọ̀kan. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin nítòsí ibẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé iṣẹ́ lébìrà làwọn ṣe níbẹ̀ nígbà èwe àwọn, ibẹ̀ làwọn sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ igi. Wọ́n fi ìka tọ́ ojú àpá náà fún mi. Iyẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ bò ó. Ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ àpá, kí n já a dànù, torí igi ìsàlẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe èyí tí mo sanwó fún. Bó bá sì yọ òdòdó lọ́dún àkọ́kọ́, kí n ká a kúrò kí igi lè gbilẹ̀. Èso di ọdún kẹta sí ìkẹrin. Òdòdó yọ lóòótọ́ nínú oṣù kìn-ín-ní. Àwọn ìbejì bẹ̀ mí, wọ́n ní ká fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo ká gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mí wọ egungun.

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé wa, kí òòrùn tó mú. Àwọn ìbejì ń fa omi láti inú kànga, èmi wà nídìí ọkọ́. Bí kò bá sí òde tí a fẹ́ lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi a dé lọ́sàn-án láti wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Ìlú Ọba. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á wò ó tán, wọ́n á dìde, ó dàárọ̀. Ní báyìí wọn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Bí eré bá dé ìsinmi ìdajì, wọ́n á rọ́ wá sẹ́yìnkùlé wá wo ohun tó ti hù. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ télọ̀, tí mi ò tíì rí i kó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ rí, ti ra ata rodo mẹ́fà lọ́dọ̀ bàbá, ó gbìn wọ́n sínú korobá iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ ó máa ń pè mí pé, "Ìyàwó wa, ata mi ti yọ òdòdó o, ṣé kí n já a?" Mo ní máńgòrò la sọ bẹ́ẹ̀ fún, kó fi ata sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo fẹ́ràn jù. A máa ń da ewédú tí a gé sórí atẹ ńlá níwájú tẹlifíṣọ̀n, tọmọdé tàgbà á máa já ewé rẹ̀ sínú abọ́. Màámi, ìyá ọkọ mi, kì í gbójú kúrò lára eré tí wọ́n ń wò, síbẹ̀ ọwọ́ wọn yá ju tiwa lọ, igi ẹyọ kan kì í bá ewé wọnú abọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Wọ́n ní ojú fèrèsé oníṣòwò kan ní Bẹẹrẹ làwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń wò ó. Àwọn ìbejì bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe nígbà yẹn, ṣé ewédú náà ni wọ́n ń já. Wọ́n ní rárá, irin fèrèsé làwọn fọwọ́ méjèèjì dì mú, torí ẹni tó bá jáwọ́, wọ́n á tì í kúrò.

Àwọn náà ni wọ́n máa ń fi ìjábẹ̀ já ewédú náà lórí iná, pẹ̀lú kán-ún díẹ̀ àti irú. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a se èyí tí a fi irúgbìn bàbá gbìn, wọ́n fi ṣíbí gbé e sókè, wọ́n wò ó bó ṣe ń fà. Wọ́n ní, "Èyí fà. Níbo lẹ ti rí irúgbìn rẹ̀?" Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, wọn kì í yin ọbẹ̀ lásán.

Ọ̀dọ̀ bàbá ní àléébù o, kí n má tan yín. Wọn kì í kọ nǹkan kan sára ọ̀rá. Tàtàṣé mẹ́rin ni mo rà, ọ̀kan so ṣọ̀mbọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lọ, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fún mi ní méjì dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù méjì ti bá a lọ. Ọ̀rá wọn fẹ́lẹ́ jù. Ó máa ń ya lójú ọ̀nà tí iyẹ̀pẹ̀ á sì tú kúrò nídìí gbòǹgbò, nítorí náà ẹ mú páálí tàbí agbọ̀n dání. Owó lásán ni wọ́n ń gbà, kò sí POS. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, kò sì síbi tí èèyàn lè yà sí. Wọn kì í ṣí ní Sọ́ńdè, àsìkò Jímọ̀ ọjọ́ Ẹtì ẹ ò ní bá wọn. Ẹ lọ ní Sátidé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí èrò tó pọ̀, torí bàbá kì í kánjú sọ̀rọ̀, ẹni tó bá wà níwájú yín á gbọ́ tiẹ̀ tán kó tó kàn yín. Ìgbẹ́ adìẹ wọn, 2,500 náírà àpò kan, ti jẹrà tán, ó tutù, ó ti dà bí iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Òun ni mo fi sídìí ata tuntun, ewé kankan ò jó.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ, mo padà lọ ra tòmátì. Méjìlá, 200 náírà ẹyọ kan. Wọ́n ní kí n fi igi gbá a ró, kí n ya ewé ìsàlẹ̀ tó bá fẹ́ kan ilẹ̀, kí n tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀ kí òjò má baà ta iyẹ̀pẹ̀ sí i lára, kí n sì máa bomi sí ìdí, kì í ṣe sí ewé. "Ẹ fi sọ́kàn pé méjì á lọ," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Òjò oṣù kẹsàn-án mú méjì lọ lóòótọ́, ẹyọ kan ràn, kò dàgbà. Mẹ́sàn-án yòókù so láti oṣù kọkànlá wọ inú ọdún tuntun. A fi ṣe ọbẹ̀ Kérésì, àwọn oníbọ́ọ̀lù gbé tiwọn lọ.

Mo kó abọ́ kan lọ fún bàbá ní Jẹ́ríkò. Wọ́n mú èyí tó pọ́n jù, wọ́n gé e jẹ níṣojú mi, wọ́n tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì tẹ́ ìwé ìròyìn kan, wọ́n sá a síbẹ̀ kó gbẹ.